Hándáòtù ìgbéyàwó ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Mayfair: ó tó owó rẹ̀, àmọ́ ẹ mú bírò dání

Ọ̀pọ̀ hándáòtù tí wọ́n ń tà láwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Mayfair àti Lágere, Ilé-Ifẹ̀, kì í ju ohun tí olùkọ́ kan sọ ní kíláàsì lọ: ẹnì kan kó o jọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó dì í. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìwé 68 ni, lórí bébà A4. ₦3,000 ni èyí tí wọ́n fi sípáírà dì, ₦2,200 ni èyí tí wọ́n kàn fi sítépúlà kàn. Ohun tó dá lé ni ìjà tó wáyé láwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lórí ìgbéyàwó ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Bí ìpínlẹ̀ kan bá so wọ́n pọ̀, ṣé dandan ni kí ìpínlẹ̀ kejì gbà pé wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó? Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ ara wọn, kóòtù wo ló lè tú wọn ká? Àwọn tó ń kọ́ Conflict of Laws, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa òfin ibi tó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ré ààlà kọjá, ni wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ lọ́yà tó ń gba iṣẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, tí ọkọ tàbí ìyàwó oníbàárà rẹ̀ wà lókè òkun, á rí nǹkan mú níbẹ̀, torí pé ìlànà kan náà ló ń darí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tọkọtaya èyíkéyìí tó bá ré ààlà kọjá.

Ohun tó le ló mọ̀ ọ́n ṣàlàyé, ohun tó rọrùn ló ń ṣì. Ìdí tí kóòtù fi ń kọ̀ láti tú ìgbéyàwó ká hàn kedere nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n déètì àti àkópọ̀ òfin ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá há a sórí bó ṣe rí, tó lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò, máàkì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti bọ́.

Ibi tó dáa jù wà lójú ìwé 4 sí 12, níbi tó ti ya ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé ìdájọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Abala kẹrin ìwé òfin Amẹ́ríkà ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ ìpínlẹ̀ yòókù. Bí kóòtù ìpínlẹ̀ kan bá ti dájọ́, tó sì ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún, ìpínlẹ̀ kejì ò lè ní òun ò gba ti òfin tí wọ́n fi dá a. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kì í ṣe ìdájọ́ ní tiẹ̀. Kò sí adájọ́ tó gbọ́ tẹnu ẹni méjì kó tó fọwọ́ sí i. Ìlànà àtijọ́ ni pé ìgbéyàwó tó bá tọ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó tọ́ níbi gbogbo, àmọ́ ìpínlẹ̀ máa ń yọ èyí tí wọ́n bá ní ó tako ìwà àwùjọ wọn sílẹ̀. Inú àyè yẹn ni ìjà ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ́.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀ dára. Obìnrin méjì tó ń gbé Alabama jọ tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ló bí àwọn ọmọ náà, èkejì gba ìwé ìgbàtọ́ wọn ní kóòtù Georgia lọ́dún 2007. Nígbà tí wọ́n pínyà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Alabama ní òun ò ka ìwé Georgia sí, pé kóòtù ibẹ̀ ò ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Lóṣù kẹta ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà da ìdájọ́ Alabama nù láìsí adájọ́ kankan tó takò ó. Ẹ wò ó dáadáa: ìdájọ́ ni ìyá kejì mú dání. Ká ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lásán ló mú wá kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní lọ́dún 2015 pé dandan ni kí ìpínlẹ̀ gbà á, ọ̀nà ibòmíràn ni ẹjọ́ ọ̀hún ì bá gbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà ibẹ̀ fi ń sọ fún òbí tí kò bí ọmọ pé kó gba ìwé ìgbàtọ́ lọ́wọ́ kóòtù, kódà bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà lórí ìwé ìbí.

Ohun tí hándáòtù náà sáré kọjá níbẹ̀ ni Nevada. Ìlà mẹ́ta péré ló fún un, ó sì yẹ kó fún un ní ojú ìwé méjì, torí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òfin ìkọ̀sílẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ ti wá. Láti ọdún 1931, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èèyàn máa gbé Nevada kó tó lè gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti North Carolina lọ síbẹ̀, wọ́n kọ ẹni tí kálukú wọn ti fẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n sì padà sílé. North Carolina gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé ẹni tó ti lọ́kọ tàbí láya tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Lọ́dún 1942, nínú ẹjọ́ Williams, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kí North Carolina gba ìwé Nevada. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tún padà wá lọ́dún 1945, wọ́n ní North Carolina lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn méjèèjì fìdí kalẹ̀ sí Nevada lóòótọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí ìdálẹ́bi wọn. Ìdájọ́ lè rékọjá ààlà, àmọ́ bí ibùgbé tó gbé e dúró bá jẹ́ irọ́, ó ti di òtúbáńtẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè dáhùn ìbéèrè kankan nínú ìyókù hándáòtù náà.

Apá ìkọ̀sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Rhode Island, ó sì bá a mu. Obìnrin méjì ṣe ìgbéyàwó ní Massachusetts lọ́dún 2004, Rhode Island ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ́ kọ ara wọn. Kóòtù ẹbí béèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà bóyá òun lè gbọ́ ọ. Lóṣù Kejìlá ọdún 2007, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní rárá. Ọdún 1961 ni wọ́n fi òfin dá kóòtù ẹbí yẹn sílẹ̀, ni wọ́n bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè ìgbà náà wò, wọ́n ní ìgbéyàwó ọkùnrin àti obìnrin ló wà lọ́kàn àwọn aṣòfin. Wọn ò sọ pé ìgbéyàwó Massachusetts náà kò tọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kóòtù yẹn ò ní àṣẹ láti tú u ká. Àwọn obìnrin náà ṣì wà nínú ìgbéyàwó lójú òfin Massachusetts, ilẹ̀kùn ìjáde sì tì pa níbi tí wọ́n ń gbé. Hándáòtù náà fi ojú ìwé mẹ́rin tú ẹjọ́ yìí palẹ̀, títí kan ohun tí àwọn adájọ́ méjì tó takò ó sọ. Kò sí ojú ìwé tí wọ́n kọ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Ti Texas pé méjì, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ lójú ìwé 22 bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Ẹ fi bírò yà wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Dallas. Ọkùnrin méjì tó ṣe ìgbéyàwó ní Massachusetts lọ́dún 2006 lọ béèrè ìkọ̀sílẹ̀. Lọ́dún 2009 adájọ́ gbà láti gbọ́ ọ, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà dìde takò ó, nígbà tó sì di ọdún 2010 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kóòtù Texas ò lè tú ohun tí òfin Texas ò kà sí ìgbéyàwó. Wọ́n ní ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n wá béèrè kí kóòtù kéde pé kò sí ìgbéyàwó rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kóòtù bá tú ìgbéyàwó ká, ó lè pín dúkìá tí wọ́n kó jọ, ó lè ní kí ẹnì kan máa fún ẹnì kejì lówó ìtọ́jú. Bó bá kéde pé ìgbéyàwó ò sí rí, dúkìá ìgbéyàwó náà ò sí rí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí lórí ìwé ilé á kàn kó ẹrù rẹ̀ jáde ni.

Èkejì jẹ́ ti Austin, obìnrin méjì. Adájọ́ ti fún wọn ní ìkọ̀sílẹ̀ lọ́dún 2010 kí agbẹjọ́rò àgbà tó yọjú lọ́jọ́ kejì pé òun fẹ́ dá sí i. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas ní ìpínlẹ̀ ti pẹ́ jù, kì í sì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹjọ́, kò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Wọn ò fọwọ́ kan ìbéèrè bóyá Texas gbọ́dọ̀ gba ìgbéyàwó náà. Bí ẹ bá kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ẹjọ́ yìí ló ní Texas lè tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká, ẹ ti ṣì í nìyẹn, hándáòtù náà sì ni yóò ti yín sínú rẹ̀.

Ó sọ ti Wyoming dáadáa. Obìnrin méjì tó ṣe ìgbéyàwó ní Kánádà lọ́dún 2008 gba ẹ̀tọ́ kí kóòtù gbọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wọn ní Wyoming lọ́dún 2011, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ náà kì í so irú wọn pọ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ náà wí ni pé òfin Wyoming gba ìgbéyàwó tó tọ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é, àti pé gbígbà á kí wọ́n lè tú u ká yàtọ̀ sí kí tọkọtaya wá béèrè pé kí wọ́n máa gbé níbẹ̀ bíi tọkọtaya. Maryland náà gba irú ẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2012, kí òfin tiwọn tó ní kí wọ́n máa so irú wọn pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013. Lójú tiwa, Wyoming ni irú ìdáhùn tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dénú, torí pé ó fi hàn pé a lè gba ìgbéyàwó fún ohun kan ká má gbà á fún òmíràn.

Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí wà lójú ìwé 26, ó sì ṣe kedere: ìgbéyàwó ò béèrè ibùgbé, ìkọ̀sílẹ̀ ló ń béèrè. Ẹni méjì lè wọkọ̀ lọ Toronto tàbí San Francisco lọ ṣe ìgbéyàwó, kí wọ́n padà sílé. Nígbà tó bá bà jẹ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é á ní wọn kì í gbé ibẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé á ní òun ò rí ìgbéyàwó kankan. Kánádà ṣe àtúnṣe lọ́dún 2013: ẹni tó ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, tí ibi tó ń gbé ò gbà á, lè padà sí kóòtù agbègbè tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, bí wọ́n bá ti pínyà fún ọdún kan. California, Delaware, Minnesota àti Washington D.C. náà ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ṣe ìgbéyàwó lọ́dọ̀ wọn. Hándáòtù náà dárúkọ Kánádà nìkan. Ẹ kọ mẹ́rin yòókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ojú ìwé 31 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Tábìlì ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ràn tábìlì. Ìlà kìíní ní wọ́n fagi lé òfin DOMA (Defense of Marriage Act) ti ọdún 1996 lọ́dún 2013. Apá kẹta rẹ̀ nìkan ni ẹjọ́ Windsor wó lọ́dún yẹn, èyí tó ní ìjọba àpapọ̀ ò gbọ́dọ̀ ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí. $363,053 owó orí ogún ni opó tó pe ẹjọ́ náà san nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ Toronto ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó wọn lọ́dún 2007. Apá kejì, tó ní ìpínlẹ̀ lè kọ ìgbéyàwó ìpínlẹ̀ kejì, apá tó kan ọ̀rọ̀ hándáòtù yìí gan-an, ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn Windsor. Ìlà kẹrin ní òfin ọdún 2022 tí Biden fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa so ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì pọ̀. Òfin yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fagi lé DOMA pátápátá, ó ní ìpínlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọ ìgbéyàwó tí ìpínlẹ̀ mìíràn ti ṣe nítorí pé akọ tàbí abo ni àwọn méjèèjì, tàbí nítorí ẹ̀yà àti àwọ̀ ara wọn, ó sì ní kí ìjọba àpapọ̀ gbà á. Ẹjọ́ Obergefell ti ọdún 2015 ló ní kí ìpínlẹ̀ máa so wọ́n pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá da ẹjọ́ yẹn nù lọ́la, òfin 2022 ò ní lè fipá mú ìpínlẹ̀ kankan kọ ìwé ìgbéyàwó, ohun tó máa kù ni kó gba ti ẹlòmíràn.

Obergefell fúnra rẹ̀, ojú kan ni wọ́n fi wò ó. Ìbéèrè méjì ni ilé ẹjọ́ dáhùn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin: ṣé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀, àti pé ṣé ó gbọ́dọ̀ gba ti ìpínlẹ̀ mìíràn. Èkejì ni Jim Obergefell bá wá. Ohio ni òun àti John Arthur ń gbé. Àìsàn ALS, tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ti dá Arthur dùbúlẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú aláìsàn gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú kan ní Maryland lóṣù keje ọdún 2013, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì yí padà. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni kí ìwé ẹ̀rí ikú tí Ohio máa kọ dárúkọ ẹni tó kù gẹ́gẹ́ bí ọkọ. Arthur kú lóṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà. Kò yẹ kí èèyàn kọ hándáòtù lórí ìgbéyàwó tó ré ààlà kọjá kó sì fo èyí.

A ò gbọ́dọ̀ gbàgbé àjọṣe tí kò tíì dé orúkọ ìgbéyàwó. Vermont bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní ìwé irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní civil union, lọ́dún 2000. Àwọn kan gbà á, wọ́n pínyà láì lọ kóòtù, wọ́n rò pé kò já mọ́ nǹkan, wọ́n lọ ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹlòmíràn níbòmíràn. Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Massachusetts ní ìgbéyàwó kejì náà kò dúró, torí àjọṣe Vermont tí wọn ò tíì tú. Èyí wà lójú ìwé 44, ó péye.

Ìbéèrè àfidánrawò mẹ́fà wà lẹ́yìn, láìsí ìdáhùn. Bí ẹ ṣe máa kojú wọn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni náà mú dání, ìwé ẹ̀rí ni tàbí ìdájọ́. Bó bá jẹ́ ìdájọ́, ẹ béèrè ibùgbé ẹni tó pe ẹjọ́ lọ́jọ́ tó pè é. Bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí, ẹ wo déètì: ẹjọ́ tó ṣẹlẹ̀ kí oṣù kẹfà ọdún 2015 tó parí àti èyí tó tẹ̀ lé e kì í ní ìdáhùn kan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá àjọṣe àtijọ́ tí wọn ò tú, kí ẹ sì wo àwọn ọmọ àti ìwé ìgbàtọ́ wọn. Ìbéèrè kẹta dá lórí dúkìá tí wọ́n kó jọ kí òfin tó gbà wọ́n, níbi tí ẹni méjì ti jọ gbé ọdún 15 kí ìgbéyàwó wọn tó pé ọdún méjì. Àwọn kóòtù ò fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún, ẹ má ṣe dá ìdáhùn kan ṣoṣo lé e.

Apá Nàìjíríà jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta péré, ìyẹn ló sì dùn wá jù. Ó sọ pé lábẹ́ òfin ọdún 2013 tí Jonathan fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2014, irú ìgbéyàwó yìí kò tọ́ níbí, àti pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá wọnú rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fo gbólóhùn tó kan kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀: òfin náà ní èyí tí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ òkèèrè ṣe jẹ́ òfo ní Nàìjíríà, kóòtù kankan ò sì gbọ́dọ̀ fìdí àǹfààní tó ti ara ìwé ẹ̀rí náà wá múlẹ̀.

Kò sì fi ètò tiwa wé ti Amẹ́ríkà. Lábẹ́ Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, ẹni tó bá fìdí kalẹ̀ sí ìpínlẹ̀ èyíkéyìí, Nàìjíríà ló fìdí kalẹ̀ sí, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ló sì lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Iléṣà lè pe ẹjọ́ l'Ákùúrẹ́. Irú pàkúté Rhode Island ò lè mú tọkọtaya tí òfin wa gbà níbí. Ohun tó ń mú wọn níbí ni kóòtù ìbílẹ̀: kò ní àṣẹ láti tú ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ká, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń gba ìwé rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ẹ́ḿbásì. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, ilé ẹjọ́ gíga ni; ọdún méjì gbọ́dọ̀ ti pé lẹ́yìn ìgbéyàwó àyàfi bí kóòtù bá yọ̀ǹda, ìdájọ́ àkọ́kọ́ á sì lo oṣù mẹ́ta kó tó di àṣepé. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tó dé láti òkè òkun, abala 81 òfin ọdún 1970 yẹn ni ẹ máa wò: ibùgbé ẹni tó béèrè ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀ ni ìdí rẹ̀, a ò sì ní gbà á bí wọn ò bá fún ẹnì kejì láyè láti wí tẹnu rẹ̀.

Ní ti ìtẹ̀wé, fọ́tòkọ́pì inú fọ́tòkọ́pì ni ẹ̀dà tí wọ́n kó sórí tábìlì níta. Tábìlì ojú ìwé 31 ti ṣú dùdù lápá òsì, ojú ìwé 40 àti 41 sì ṣi àyè ara wọn. Fáìlì rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀, ₦500 ni wọ́n máa fi lé e, kí ẹ sì lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó kú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó wà ní Iléṣà lè gba fáìlì náà lórí WhatsApp ní ₦1,500, kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ nítòsí ilé. Ẹ̀dà ti WhatsApp ni ojú ìwé 40 àti 41 rẹ̀ wà ní àyè wọn.